Ìwé Orúkọ Tí Mo Tà Fún Alákàrà

Tó bá jẹ́ pé kò ní yé mi lóòótọ́, kí ló dé tó o fi ń pè mí láràárọ̀, tó ò ń bi mí bóyá mo jí ire? Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò lè yé, ṣé ó máa mọ̀ bóyá òun jí ire?

Àńtí Ṣadé, àbúrò bàbá ẹ, ló gbé fóònù ẹ̀ wá láti Ìyànà Iyesi lọ́jọ́ Ajé. Kò tiẹ̀ tíì jókòó tó fi ní, "Ìyá Tọ́lá, wọ́n ti gba ọmọ yín fún másítà o." Inú mi dùn, mo dìde nàró. Mo ní kọ́ọ̀sì wo? Ó yọ ṣùtì. Ó ní, "Láíbìrì ni. Wọ́n fẹ́ máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to ìwé. Tọ́lá gan-an ni ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ó ní kò ní yé yín. Ó tiẹ̀ jọ pé kò ní lọ mọ́, mo ti ní kó wá nǹkan gidi kà."

Kò ní yé mi. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníbébà jákèjádò Ojú Ore, tí mo pọ̀n ẹ́ sẹ́yìn lórí òkìtì bébà àlòkù, tó jẹ́ pé àárín páálí méjì lo ti kọ́kọ́ kọ́ ìrìn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni, mo gbà. Ọ̀rọ̀ ìwé, Tọ́lá?

Mi ò pè ẹ́ lórí fóònù torí mo mọ̀ ẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná báyìí, wàá ní, "Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí," wàá sì pa á. Lẹ́tà ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ yín ní Ìgbẹsà ni mo máa fún, mo sì ti sọ fún un pé kó dúró títí wàá fi tú u lójú ẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ní kó o tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbà" sí lórí wẹ́bsáìtì wọn kí oṣù yìí tó parí. Tó ò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé àyè ẹ fún ẹlòmíì. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mo ṣe jókòó tí mò ń kọ nǹkan tó gùn tó báyìí, èmi tí kì í kọ ju orúkọ oníbàárà sára àpò lọ.

Ká ti ti Àńtí Ṣadé kúrò lọ́nà ná. Ó ní láíbìrì ni wọ́n ń kó àwọn tí ò ríbi wọ̀ sí. Mo bi í pé ìwé wo ló kà parí gbẹ̀yìn. Ó ní kí ló kan ìyẹn? Mo ní ìyẹn gan-an ló kàn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ìwé ìpè ìgbéyàwó nìkan ni mo rí i kó kà dé ìsàlẹ̀, ìyẹn náà nítorí kó lè mọ ibi tí wọ́n ti máa jẹun. Ó bínú lọ. Tó bá pè ẹ́, sọ fún un pé mo kí i.

Bó ṣe lọ tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ sí bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, mo ní kí ìyàwó tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ bá mi wá gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn nínú kọ́ọ̀sì yẹn, kó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó ní, "Màmá, ta ló fẹ́ kà á?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé mẹ́ta ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á, pẹ̀lú díṣọ́nárì tí mo yọ nínú ẹrù kan nígbà kan, èyí tí ẹnì kan ti ya gbogbo A àti B kúrò lára ẹ̀. Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, mo ní láti máa bi èèyàn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A tí kò jẹ́ kí n rímú mí, màá padà dé orí ẹ̀.

O mọ̀ pé kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé ní Ìkìrun. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí ni bí mo ṣe wá mọ̀wé kà. Bébà tí mò ń rà ló kọ́ mi. Kí n tó di ẹrù, màá fa ọ̀kan yọ, màá máa fi ìka tọ́ ọ. Ààbọ̀ ìwé ìròyìn. Ìdánwò tí tíṣà ti fi bírò pupa pa. Lẹ́tà tí obìnrin kan kọ sí ọkọ ẹ̀ ní Kàdúná, ó ní ilé tí wọ́n jọ ń gbé ti ń jò, ọmọ kejì ti ń sọ̀rọ̀, àti pé tí kò bá wálé kí ọdún iléyá tó dé, òun máa... Ibẹ̀ ni bébà tán. Ojú ewé kejì ò sí. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ronú pé kí ni obìnrin yẹn máa ṣe? Ṣé ọkùnrin yẹn wálé? Gbogbo ìmọ̀ mi pátá bẹ́ẹ̀ ló rí, Tọ́lá. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ òpin ẹ̀. Nítorí náà nígbà tí wọ́n ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí ojú ewé kejì kò ṣe ní sọnù, ojú ẹ ni mo fẹ́ máa wò kí n máa bèèrè ìbéèrè. O wá ní kò ní yé mi.

Ó dáa. Jẹ́ kí n mú bébà mẹ́ta yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ràn mi lè má tò dáadáa, torí èmi kọ́ ni wọ́n gbà fún títò.

Èkíní. Wọ́n ní wọ́n máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pín ìwé sí ìsọ̀rí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní èyí mo mọ̀ ọ́n. O rántí ṣọ́ọ̀bù wa: funfun lọ́tọ̀, ìwé ìròyìn lọ́tọ̀, páálí lọ́tọ̀, èyí tó ń dán lọ́tọ̀ torí pé ilé-iṣẹ́ tó ń lọ bébà ní Sàǹgó kì í gbà á. Mo lè dijú tò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á síwájú, mo rí i pé ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń tò ó. Mo gbé bébà yẹn kalẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi to ìwé, mi ò fi ohun tó wà nínú ẹ̀ tò ó rí. Bíbélì tí èèpo ẹ̀ ti ya àti ìwé tí wọ́n fi ń júwe ẹ̀rọ ìlọta, orí òkìtì kan náà ni mo jù wọ́n sí, torí wọ́n jọ fúyẹ́.

Ó wá ń yà mí lẹ́nu. Tí ìwé kan bá sọ̀rọ̀ gbígbin ẹ̀gẹ́, tó tún sọ̀rọ̀ ìjà àwọn ìyàwó olóko, òkìtì wo ló máa wà? Ta ló ń pinnu ẹ̀? Tí èèyàn méjì bá ń jà lé e lórí, ta ló ń là wọ́n? Bi wọ́n bá mi. Má tijú, sọ pé ìyá ẹ ló fẹ́ mọ̀.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé má fi bí nǹkan ṣe rí lójú tò ó. Èèyàn náà ńkọ́. Ìgbà tí bàbá ẹ kọ́kọ́ wá bá mi, ihò kún gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ níbi tí iná wẹ́dà ti jó o. Orí òkìtì àwọn tí ò wúlò ni mo tò ó sí. Odindi oṣù mẹ́jọ ló fi wà lórí òkìtì yẹn kí n tó tú u wò. Oṣù mẹ́jọ tí mo fi fi ayé ara mi ṣòfò nìyẹn.

Èkejì, títọ́jú ìwé kó má bàjẹ́. Bàbá ẹ ò tíì sọ ìtàn yìí fún ẹ torí mo ní kó má sọ ọ́. A ò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ ni, ọ̀gá ti gbàdúrà fún un, ti fún un ní ìwé ẹ̀rí tí fọ́tò ẹ̀ wà lára ẹ̀, tí orí ẹ̀ ń dán pẹ̀lú òróró. Òrùlé yàrá wa ń jò níbi tí bàbá ẹ ń kó nǹkan ẹ̀ sí. Ó wá gbé ìwé ẹ̀rí yẹn sórí ẹrù bébà tèmi, torí ibẹ̀ ló gbẹ. Èmi náà jí láàárọ̀, mo di ẹrù, mo tà á.

Ọjọ́ kẹta, ó ti Sàǹgó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, mo rí ara mi lónìí."

Mo ní, "Níbo?"

"Lábẹ́ àkàrà."

Mo rò pé oòrùn ló pa á. Ó na bébà sí mi. Òun náà ni lóòótọ́, àkàrà ti fi epo kùn ún láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ojú ẹ̀ nìkan ló ń wò mí. Ibi tí ọ̀gá ẹ̀ fọwọ́ sí ti bá oníbàárà mìíì lọ. Ọ̀gá tún un kọ, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bú wa débi pé ìyàwó ẹ̀ ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá ẹ jẹ àkàrà náà tán kó tó wálé. Ó ní ebi ń pa òun.

Ṣé wọ́n lè yọ epo kúrò lára bébà ní yunifásítì yín? Kí ni wọ́n fi ń yọ ọ́? Fírídọ̀mù yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ààbọ̀ ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé nǹkan tó o bá fẹ́ tọ́jú, má gbé e sórí nǹkan tí wọ́n fẹ́ tà, ì báà jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló gbẹ. Ilé-iṣẹ́ tó o wà yẹn, yàrá fáìlì tó o sọ pé wọ́n jù ẹ́ sí, tó o wá tò ó títí tí àwọn ọ̀gá fi ń wá bi ẹ́ ní nǹkan, ibẹ̀ gbẹ. Wọ́n ń sanwó fún ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ọjọ́ tí wọ́n máa di ẹrù?

Ẹ̀kẹta ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Akáífù. Mo padà lọ bá ìyàwó tó ń tẹ̀wé. Ó wo fóònù ẹ̀, ó ní, "Màmá, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí ni, èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ dànù, orúkọ àwọn èèyàn, ìwé ilé ìwé, ìwé ilẹ̀, irú ẹ̀ báyìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rìn dé ìta, mo fara ti ògiri.

Tọ́lá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ tí bàbá ẹ gan-an ò mọ̀.

O wà ní kíláàsì kìíní nígbà yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀tà, ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀, yàrá ẹrù wọn ti kún dẹ́nu, ó fẹ́ kó mọ́ tónítóní. Ó ní kí n kó gbogbo ẹ̀. Mò ń kó o lọ, mo wá kan àwọn ìwé ńlá kan tí èèpo wọn le. Mo ṣí ọ̀kan. Orúkọ ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bírò búlúù, wọ́n fi pupa sàmì sí i lójoojúmọ́. Rẹ́jísítà ni.

Mo ní, "Ọ̀gá, orúkọ àwọn èèyàn wà nínú èyí o."

Ó ní, "Ìyá Oníbébà, gbogbo wọn ti dàgbà. Wọn ò ní padà wá jókòó sí kíláàsì."

Tíṣà méjì tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyẹn, kì í ṣe ibi tí mo ti gbé ẹrù. Ọkàn mi ti sọ fún mi pé kò dáa, mo sì fi ẹ̀rín bò ó torí pé ọ̀gá ni, ó mọ̀wé, èmi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ewé yẹn nípọn. Epo kì í tètè là á kọjá. Alákàrà lábẹ́ bíríjì Sàǹgó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́, ó gbé e tán lọ́jọ́ kan.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀. O mọ Bàbá Mùsílíù tó ń gbé lójúlé kẹta sí wa, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, tó ń ru irin ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sàǹgó. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe súpáfáísọ̀. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí ìwé mẹ́fà ẹ̀ wá. Ikán ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó lọ sílé ìwé tó lọ, kí wọ́n bá a wá orúkọ ẹ̀ nínú rẹ́jísítà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ó lọ. Ó padà dé, ó wá jókòó sórí ẹrù bébà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, torí ibẹ̀ ló máa ń sinmi sí tó bá ń bọ̀.

Ó ní, "Ìyá Oníbébà, ọ̀gá ní òjò ti jẹ orúkọ mi."

Mo mọ ilé ìwé tó ń sọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òjò. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Mùsílíù." Mo bu omi fún un.

Wọ́n fi ẹlòmíì ṣe súpáfáísọ̀. Ó ń ru irin lọ títí èjìká ẹ̀ kan fi wó sílẹ̀. O rántí èjìká yẹn. O wà ní kékeré, o máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ojúlé á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo rí ẹ, mo nà ẹ́ débi pé bàbá ẹ gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi, ó bi mí pé ṣé eré ọmọdé ni mo fi ń ṣe báyìí. Ìwọ náà ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tó o ti dàgbà pé kí ló dé tí nínà ọjọ́ yẹn fi le tó bẹ́ẹ̀. O ti mọ̀ báyìí. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń nà.

Àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Tèmi yàtọ̀. Èmi ni mo dákẹ́, tara ẹlòmíì ló bá mi dákẹ́. Mo lè máa bú ọ̀gá ilé ìwé yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó sì tọ́ kí wọ́n bú u. Ó purọ́ mọ́ òjò. Òun ló ní kí n kó o, òun ló tún fojú kan ojú ọkùnrin yẹn tó ní òjò ni. Àmọ́ irọ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ló fi rìn, èmi ni ẹsẹ̀ kan. Tí mo bá la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, bóyá à bá rí ewé kan tí wọn ò tíì fi wé nǹkan. Bóyá a ò ní rí i. Ìyẹn gan-an ni mi ò ní mọ̀ títí ayé. Tún fi kún àwọn ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ òpin ẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, tí ọ̀gá èyíkéyìí bá ní kó o da nǹkan nù, tí ọkàn ẹ bá ní dúró, má bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sóhun tó ń jẹ́ ọ̀gá mọ̀wé níbẹ̀. Ẹni tó mọ orúkọ tó wà nínú ẹrù ló mọ̀wé.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé kẹta ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà sílẹ̀, àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ bá Bàbá Mùsílíù.

Ó jókòó níwájú ilé, ó ń bó ọsàn. Mo kúnlẹ̀. Mi ò dìde.

Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

Mo ní, "Bàbá Mùsílíù, kì í ṣe òjò."

"Òjò wo?"

"Òjò tó jẹ orúkọ yín. Èmi ni. Ọ̀gá ní kí n kó ìwé yẹn, mo sì tà á."

Ó ń bó ọsàn ẹ̀ lọ, èèpo ẹ̀ gùn bí okùn, kò já. Nígbà tó bó o tán ló ní, "Fún ta ni?"

"Alákàrà."

"Àkàrà gbígbóná?"

"Gbígbóná ni, sà."

"Ó dáa. Ẹnì kan tiẹ̀ rí i lò."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ látinú ilé, ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Èmi ni mò ń fi òróró wọ́ èjìká yẹn lójoojúmọ́." Mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń lọ, mo kí ìyàwó náà, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Mùsílíù ní, "Ogún ọdún lo fi ń kí mi, Ìyá Oníbébà. Láàárọ̀, lálẹ́." Ohun tó sọ nìyẹn. Ì bá sàn kó bú mi.

Ó wá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ òní. Mo sọ fún un pé wọ́n gba ìwọ fún kọ́ọ̀sì kan. Mo fa bébà mẹ́ta náà yọ, mo ṣàlàyé ẹ̀. Ó dẹ etí.

"Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ìyẹn? Bí wọn ò ṣe ní ta orúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ní yunifásítì?"

"Odindi ọdún kan àtààbọ̀."

Ó ní, "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló ṣe nǹkan tí mi ò rò. Ó gbé ọsàn kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn ẹ̀ tọ́ bó ṣe lè nà án tó, ó yí ohùn padà, ó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó ní bí tíṣà wọn ṣe máa ń pè wọ́n nìyẹn láràárọ̀, fún odindi ọdún mẹ́fà, bí wọ́n ṣe wà nínú rẹ́jísítà. "Sùlé Àlàbí." Ó dá ara ẹ̀ lóhùn, "Pírẹ́sẹ́ǹtì, sà." "Fọláwẹwọ́ Táyé. Fọláwẹwọ́ Kẹ́hìndé." Mo sáré wá bírò. Mi ò rí bébà, èmi Ìyá Oníbébà. Mo ya páálí bísíkíìtì kan tó wà nílẹ̀, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Kò fo ẹnì kankan. Eléyìí ti kú, eléyìí wà ní Ìlọrin, eléyìí ni ìyá ẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ wá fún un ní kíláàsì. Ó ń bọ̀ títí dé nọ́ńbà kẹrìndínlógún. Ibẹ̀ ló ti dúró.

Ó fi ìka kà á. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Sùlé Àlàbí. Ó tún dúró síbì kan náà.

Ó ní, "Ọmọbìnrin kan ni. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ló máa ń jókòó sí. Ó máa ń fa imú. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Kò rántí. Mo fi àlàfo sílẹ̀. Ó fò ó, ó pe nọ́ńbà kejìdínlógún. Òun gan-an ni. Ó pe orúkọ ara ẹ̀, ó ní "pírẹ́sẹ́ǹtì", kò fi sà kún un.

Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn páálí bísíkíìtì lọ́wọ́ mi báyìí, àyàfi ẹnì kan.

Ìbéèrè mi rèé, má sì fi "Màámi" tàn mí. Ohun tí ẹnu sọ, tí ọwọ́ bíi tèmi kọ sára páálí, ṣé ìwé ni? Ṣé yunifásítì máa gbà á bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n máa ní dandan kí ẹnì kan lù ú ní òǹtẹ̀? Ta ló máa lù ú? Ọ̀gá tó purọ́ yẹn? Ibo ni wọ́n máa gbé e sí tí ẹnikẹ́ni ò ní tún ránṣẹ́ pe Ìyá Oníbébà mìíì? Mélòó ni irú yàrá ẹrù yẹn tó wà láti ibí dé Ìgbẹsà, tí ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́la, tí wọ́n fẹ́ kó mọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n wà, torí pé wọ́n ṣì ń pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an, ẹnì kan pè. Mo ní màá wá. Mi ò tíì lọ.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní àkísà, Tọ́lá. Mo ní i ju ẹnikẹ́ni lọ. Àmọ́ mi ò mọ èyí tó yẹ kí n rán nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ nìyẹn.

Mo wá mọ ohun tó ò ń ṣe báyìí, mo sì máa sọ ọ́ sí ẹ lójú. Kì í ṣe pé ò ń bẹ̀rù pé kò ní yé mi. Ò ń bẹ̀rù pé ó máa yé mi jù ni. Ò ń bẹ̀rù pé mo máa sọ pé, áà, gbogbo ìwé tí mo rán ẹ lọ kà, iṣẹ́ Ìyá Oníbébà lo tún padà wá ṣe. Ojú àwọn ẹgbẹ́ ẹ lò ń wò, tí Àńtí Ṣadé sì rí ibẹ̀ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ mi kọ́ o. Èmi ń fi ìwé ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń lọ bébà. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ kọ́ láti dúró sẹ́nu ọ̀nà kó o ní, ẹ dúró ná, kí ló wà nínú ẹrù yẹn?

Má lọ ka bìsínẹ́ẹ̀sì nítorí ẹnì kan. Tí wọ́n bá bi ẹ́, má sọ pé "ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ" kó o wá gbé láíbìrì mì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Láíbìrì ni, pè é bẹ́ẹ̀. Tó o bá débẹ̀, jẹun, má máa fi bísíkíìtì tan ara ẹ. Tí nǹkan ò bá yé ẹ, bèèrè. Ẹni ogójì ọdún ni mí kí n tó lè ka lẹ́tà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, kò sì sẹ́ni tó pa mí nítorí pé mo bèèrè.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bàbá Mùsílíù wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Kò jókòó sórí ẹrù, ó dúró ni. Ó ní òun ti rántí orúkọ ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ wíńdò yẹn, orí àdúrà àárọ̀ lòun wà tó fi já wọ inú òun. Mo sáré mú bírò, mo mú páálí. Ó mi orí.

Ó ní, "Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ, Ìyá Oníbébà. Ìwọ lè tún tà á. Ọmọ ẹ ni màá sọ ọ́ fún, tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn."

Ó ti dàgbà, Tọ́lá. Ohun tó rántí láàárọ̀ yìí, ta ló mọ̀ bóyá ó máa rántí ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀? Àlàfo nọ́ńbà kẹtàdínlógún wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Láti àárọ̀, gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá ti kọjá, ó máa ń yọjú bi mí bóyá o ti gbà láti lọ. Ọlọ́kadà yẹn ń dúró, kọ èsì sẹ́yìn lẹ́tà yìí kó o fún un. Bọ́tìnnì tí wọ́n ní kó o tẹ̀ yẹn, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́, àbí o ò tíì tẹ̀ ẹ́?